Ẹ Jẹ́ Kí Olùkọ́ Ẹgbẹ́ Yín Jókòó Lẹ́yìn

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé kíkà lálẹ́, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu mi. Bí alábẹ̀wò bá ń bọ̀, gbogbo wa la mọ ohun tí a máa ń ṣe. A ó gbálẹ̀, a ó nu pátákó, a ó kó àwọn tó mọ̀ ọ́n kà sí iwájú. Alábẹ̀wò á kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, á gun alùpùpù rẹ̀ lọ. Kí la rí kọ́ níbẹ̀? Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ abúlé kejì bá ní òun fẹ́ wá wo iṣẹ́ wa, ojú wa á le. A ó ní: "Ṣé ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ ni?"

Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀rẹ́ mi kan ló fi agídí wá jókòó lẹ́yìn kíláàsì mi. Mo kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin sí pátákó: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Mo ń fi ọ̀pá tọ́ka sí wọn, mo ń pè é, wọ́n ń ké e tẹ̀ lé mi, ilé ń mì. Inú mi dùn. Nígbà tí a parí, ọ̀rẹ́ mi kò yìn mí, kò sì bú mi. Ó ní: "Àwọn ìyá mẹ́ta tó wà lẹ́yìn kò wo pátákó rárá. Ẹnu rẹ ni wọ́n ń wò."

Mo bínú. Nígbà tí a tún pàdé, mo fi ọ̀kọ̀ ṣíwájú, mo pa ẹnu mọ́, mo kàn tọ́ka sí i. Gbogbo wọn ké "ọkọ!" lóhùn kan. Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń kọ́ wọn! Orin ni wọ́n kọ́ lọ́dọ̀ mi, kì í ṣe ìwé.

Bí ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà bá kúrò, a ó ní ọjà ni kò jẹ́ kó wá. Òun fúnra rẹ̀ á gbà títí ayé pé orí òun kò gba ìwé. Ta ló ṣẹ̀? Abala 11 nínú òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 1990 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti lo èdè wa. Ṣùgbọ́n òfin kò lè sọ fún mi pé àwọn tó sún mọ́ fìtílà nìkan ni mo ń bi ní ìbéèrè. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn ló lè rí i.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ẹni náà á lọ rò wọ́n fún alábẹ̀wò. Wọn kò jẹ̀bi. Mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀, ìwà ìkà ni. Nítorí náà, ohun tí a bá rí, etí ẹni tó ni kíláàsì nìkan ni kó wọ̀. Ẹni tó wá wò kò gbọdọ̀ gba ẹfun lọ́wọ́ olùkọ́. Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe ni kó máa wò, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì jẹ́ kí ẹni tó kọ́ni kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, kí òun náà ṣí ilẹ̀kùn tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ń wo tiwa tí kò jẹ́ ká wo tòun, ẹ má gbà á.

Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú ni mo ń kọ́ni, ní aago mẹ́jọ alẹ́. Àga kan wà lẹ́yìn. Ẹ wá.