Àwọn Tí Ilé-Ìwé Kò Dágbére Fún

Bí oṣù Keje bá ti ń parí lọ, ilé-ìwé girama ti Ìjọ Àgùdà a máa yí àwọ̀ padà. Àwọn ọmọ a ro koríko ẹ̀bá ọ̀nà, wọn a fi ẹfun kun àwọn òkúta tí ó yí ọgbà òdòdó ká, wọn a sì máa ru àga láti kíláàsì lọ sí gbọ̀ngàn. Ní ọ̀sán, ohùn àwọn akọrin a máa dún bí wọ́n ti ń dán orin Mísà ìdúpẹ́ wò. Àwọn tí ó ń jáde lọ a máa kọ orúkọ wọn sí ẹ̀yìn aṣọ funfun ara wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àwọn olùkọ́ kì í dùn sí i rárá. Ọjọ́ ìdágbére ti dé nìyẹn.

Kò sí ẹni tí ó ti jókòó nínú irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ rí tí kò mọ ètò rẹ̀. Mísà ni a ń kọ́kọ́ ṣe. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá ilé-ìwé yóò dìde láti ka ìròyìn ọdún: iye ọmọ tuntun tí ó wọlé, bí àwọn tí ó ṣe ìdánwò ní ọdún tí ó kọjá ti yege sí, ife ẹ̀yẹ tí àwọn agbábọ́ọ̀lù gbà, òrùlé tí ìjì ṣí àti àwọn òbí tí ó bá ilé-ìwé tún un ṣe. A ó pín ẹ̀bùn. Olórí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń lọ yóò fa iṣẹ́ lé ẹni tuntun lọ́wọ́, omijé yóò sì bọ́. Bí olùkọ́ kan bá fẹ̀yìn tì, a ó wọ̀ ọ́ ní agbádá. Bí Bíṣọ́ọ̀bù bá sì ti kọ̀wé pé kí Fádà tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé lọ sí ibòmíràn, kò gbọdọ̀ kọ̀, nítorí pé ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ ìgbọràn ní ọjọ́ tí a fi í joyè àlùfáà. Ìdágbére tirẹ̀ ni ó máa ń gùn jù lọ.

Ohun tí ó dára ni gbogbo èyí. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, nítorí náà ó yẹ kí ọjọ́ tí eré parí ní àmì tirẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn ilé-ìwé wọ̀nyí ti ń ṣe é: St. Gregory's College ní Èkó láti 1928, St. Teresa's College ní Ìbàdàn láti 1932, Aquinas College ní Àkúrẹ́ láti 1951, Loyola College ní Ìbàdàn láti 1954. Ní ayé ìgbà tí ọdún ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní tí ó sì ń parí ní oṣù Kejìlá, orin ìdágbére àti orin Kérésìmesì a máa dàpọ̀ mọ́ ara wọn. Nísinsìnyí òjò oṣù Keje ni ó ń lu òrùlé lé e lórí.

Ọgbọ́n kan wà nínú ètò náà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣàkíyèsí. Àjọ WAEC tí a dá sílẹ̀ ní 1952 kì í tíì fi èsì ìdánwò ránṣẹ́ nígbà tí a bá ń dágbére fún àwọn tí ó ṣe é. A ń dágbére fún ọmọ kí a tó mọ̀ bóyá ó yege tàbí kò yege. Ọmọ tí yóò ṣe dáadáa jù lọ àti ọmọ tí yóò tún ìdánwò náà ṣe ń bọ ọ̀gá kan náà lọ́wọ́, àdúrà kan náà ni a sì ń gbà lé wọn lórí. Èyí fi hàn pé ìdágbére kì í ṣe èrè iṣẹ́. Ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ti bá wa gbé ni.

Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀tọ́, àwọn kan wà tí ilé-ìwé jẹ ní gbèsè. Ẹ wo ìwé orúkọ kíláàsì tí olùkọ́ ń pè ní rẹ́jísítà. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ogójì orúkọ ni ó wà nínú rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Nígbà tí oṣù Keje yóò fi dé, ìlà pupa ti kọjá lórí mẹ́ta. Ẹ mú ọ̀kan nínú wọn, irú èyí tí gbogbo olùkọ́ ti rí rí. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni ọmọ náà ń jókòó ní sáà kìn-ín-ní. Òun ni ó máa ń pa gbogbo kíláàsì lẹ́rìn-ín nígbà tí òjò bá sé wọn mọ́lé. Ní sáà kejì, a rán an lọ sílé kí ó lọ gba owó ilé-ìwé wá. Ó lọ ní ọjọ́ Ajé, kò dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sì dé ní ọjọ́ Ẹtì. Fún ọ̀sẹ̀ méjì olùkọ́ ń pe orúkọ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta olùkọ́ fò ó kọjá. Láìpẹ́, ẹlòmíràn tí ó ń fẹ́ atẹ́gùn ti sún lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ní ọjọ́ ìdágbére, a ó gbọ́ nípa òrùlé tí ìjì ṣí. A kò ní gbọ́ nípa ọmọ náà.

Kì í ṣe pé ilé-ìwé fẹ́ràn owó ju ọmọ lọ. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba gba ọ̀pọ̀ ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ tí ó dá wọn sílẹ̀, nígbà tí ó sì di 1979, ìpínlẹ̀ bíi Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Oǹdó sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́. Ní 2001, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í dá irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ padà fún àwọn tí ó ni wọ́n. Ilé-ìwé tí a dá padà ni yóò wá owó oṣù olùkọ́ fúnra rẹ̀, olùkọ́ náà sì ní ọmọ tí ó ń bọ́. Ẹni tí ó bá ní kí a má gba owó rárá kò tíì jókòó ti ìwé ìṣirò ilé-ìwé rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó kọ́ ni ọ̀rọ̀ ibí yìí. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni.

Àwọn kan yóò sọ pé ìtìjú ni fún òbí bí a bá pe orúkọ ọmọ tí ó kúrò láàárín ọdún. Ta ni ó ní kí a sọ ìdí rẹ̀? Nígbà tí Fádà bá ń dárúkọ àwọn òkú nínú Mísà, kì í sọ àìsàn tí ó pa wọ́n. Ìtìjú tí ó pọ̀ jù ni ti ọmọ tí ó pàdé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọjà, tí ọ̀rẹ́ náà sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kì í ṣe ìkà. Kò mọ ohun tí ó yẹ kí ó sọ ni. Ì bá ṣe pé wọ́n ti dágbére fún ara wọn, ì bá mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé ètò ọjọ́ náà ti gùn jù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó máa ń dá àlejò pàtàkì lẹ́kun nígbà tí ó bá ń ròyìn bí òun ti máa ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé-ìwé ní ìgbà èwe òun.

Ìjọ tí ó ni àwọn ilé-ìwé wọ̀nyí gan-an ni ó yẹ kí ó ṣáájú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ẹ̀kọ́ Bíbélì, a ń kọ́ àwọn ọmọ nípa olùṣọ́-àgùntàn tí ó fi mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún sílẹ̀ tí ó lọ wá ọ̀kan. Ọmọ tí ó bá ròyìn rẹ̀ dáadáa nínú ìdánwò yóò gba máàkì. Ó ṣòro kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gba ìtàn náà gbọ́ tọkàntọkàn, bí ìlà pupa bá kọjá lórí ẹni mẹ́ta ní kíláàsì tirẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sì bojú wẹ̀yìn.

Ìtàn Ìjọ náà ní Èkó pàápàá ní ẹ̀rí nínú. Kí àwọn àlùfáà tó wá fi Èkó ṣe ibùgbé ní àwọn ọdún 1860, ọkùnrin kan tí ó ti ṣe ẹrú rí ní ilẹ̀ Bràsíl ni ó ń kó àwọn Àgùdà jọ fún àdúrà. Kì í ṣe àlùfáà, síbẹ̀ Padre Antonio ni àwọn ènìyàn ń pè é, orúkọ náà ni ìtàn sì fi mọ̀ ọ́n títí di òní. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé a ń rántí Fádà Denis Slattery, ará ilẹ̀ Írẹ́láńdì, tí ó dá St. Finbarr's College sílẹ̀ ní Èkó ní 1956, olùdásílẹ̀ ni. Ti Padre Antonio ni ó yẹ kí a rò dáadáa, ẹni tí kò ní oyè kankan nínú ìwé, tí a sì ń rántí nítorí pé ó wà pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ti ọmọ tí a lé nítorí ìwà burúkú kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn yòókù, àwọn ọmọ kékeré lè rò pé ìbáwí kò ní ìtumọ̀. Ó sàn kí ọ̀gá ilé-ìwé má dárúkọ rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn, kí Fádà sì rántí rẹ̀ nínú àdúrà ìkọ̀kọ̀. Èyí kò tẹ́ni lọ́rùn tán, ṣùgbọ́n ó dára ju kí a ṣe bí ẹni pé a kò bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn òṣìṣẹ́ náà wà ńbẹ̀. Ìyá alásè a máa jí kí ilẹ̀ tó mọ́ láti dáná sábẹ́ ìkòkò ògì. Bí iṣẹ́ bá parí fún wọn, ọjọ́ tí wọ́n bá gba owó oṣù ìkẹyìn ni wọ́n ń lọ, ó sì lè bọ́ sí ìgbà tí àwọn ọmọ ti lọ sílé fún ìsinmi. Agbádá tí a ń rà fún olùkọ́ tóbi púpọ̀. Bí a bá dín in kù díẹ̀, ìró kan yóò yọ níbẹ̀ fún ìyá alásè.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe fún ọmọ tí ó kúrò kò gba owó púpọ̀. Bí ọ̀sẹ̀ kẹta bá pé tí a kò rí i, kí olórí kíláàsì àti ọmọ méjì mìíràn bá olùkọ́ lọ sí ilé rẹ̀, bí kò bá jìnnà. Kí wọ́n kó ìwé tí ó fi sílẹ̀ sínú tábìlì rẹ̀ lọ fún un. Kí wọ́n mú káàdì èsì sáà tí ó ti parí dání pẹ̀lú, nítorí pé ilé-ìwé mìíràn yóò béèrè káàdì náà kí ó tó gbà á. Àwọn kan a máa há káàdì mọ́ inú àpótí títí bàbá ọmọ yóò fi san gbèsè. Àṣà yìí kò dára. Bàbá ni ó jẹ gbèsè. Kí a máa bá bàbá sọ ọ́, kí a sì jẹ́ kí ọmọ kọjá.

Ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn, nígbà tí àwọn ọmọ bá ń fọ ilẹ̀ kíláàsì, olùkọ́ a máa jókòó láti da orúkọ kọ sínú rẹ́jísítà tuntun. Orúkọ tí ìlà pupa bá wà lórí rẹ̀ kì í bá wọn dé inú ìwé tuntun. Kí olùkọ́ tó pa ti àtijọ́ dé, kí ó pè é lẹ́ẹ̀kan sí i ní etí gbogbo kíláàsì, láti òkè dé ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní oṣù Kẹsàn-án. Bí ó bá kan orúkọ ọmọ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kí ó dúró díẹ̀. Ẹnì kan nínú kíláàsì yóò mọ ibi tí ó wà.