Iṣẹ́ ni kí ẹ fi wọn ọmọ tó fẹ́ ṣe sọ́jà

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí la fẹ́ fi sọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó fẹ́ wọṣẹ́ sọ́jà.

Bí wọ́n bá ti ní fọ́ọ̀mù jáde báyìí, láti Ṣakí títí dé Ìsẹ́yìn, ariwo ni. Àwọn ọmọ tó ń gbé nítòsí bárékè Asabari ní Ṣakí, ojú wọn kì í kúrò lára aṣọ ológun. Ohun tí àwọn ìyá sì ń bi ara wọn lọ́jà ni pé: ta ni wọ́n ń mú gan-an? Ẹni tó ga ni, àbí ẹni tó lágbára?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú ìwé. Iléeṣẹ́ ológun ilẹ̀ wa a máa ní kí ọkùnrin ga tó mítà 1.68, ìyẹn bí ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínṣì 6. Kí obìnrin ga tó mítà 1.65. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ọwọ́, ọdún 18 sí 22 ni. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ọwọ́ tó ní ìwé ẹ̀rí lè tó ọdún 26. Ẹ̀yin mẹkáníìkì, jórinjórin àti káfíńtà, ẹ gbọ́ o! Ẹ má jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ yín sọ ìwé ẹ̀rí nù.

Okùn tí wọ́n fi ń wọn gíga kì í purọ́, àmọ́ kò lè sọ fún wa bóyá ọmọ náà lè ru ẹrù. Ẹ wo ọ̀gá alágbẹ̀dẹ. Bí wọ́n bá mú ọmọ wá kọ́ṣẹ́, ẹwìrì ló máa gbé fún un, á wá máa wò ó títí apá yóò fi ro ó. Ẹni tó fẹ́ hun òfì ní Ìsẹ́yìn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń wò, bóyá ó lè jókòó látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Bí ẹ bá fẹ́ háyà aláàárù, ta ló ń wọn gíga rẹ̀ nínú yín? Àpò gàrí lẹ máa gbé rù ú.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ niṣẹ́ sọ́jà. Àwọn baba tó lọ sógun Bọ́mà mọ̀ ọ́n. Ní 1944, ní àfonífojì Kaladan, kò sí títì tí mọ́tò lè gbà. Orí ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, fi ń ru ẹrù ogun wọn la igbó àti òkè kọjá.

Nílùú Ọba, wọ́n ronú sí i. Wọ́n ní kí àwọn onímọ̀ lọ wo sọ́jà nídìí iṣẹ́: kí wọ́n wọn ẹrù tó ń gbé, ibi tó ń gbé e dé, àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Ìgbà náà ni wọ́n tó gbé ìdánwò tuntun jáde ní 2019. Ẹni tó bá fẹ́ wà lára àwọn tó ń fẹsẹ̀ jagun lójú ọ̀tá, yóò ru kílò 40 rin kìlómítà 4 láàárín ìṣẹ́jú 50. Ẹ rántí pé àpò sìmẹ́ńtì kan, kílò 50 ni! Yóò tún wọ́ ẹrù kílò 110 rin mítà 20, bí ẹni ń wọ́ ẹni tí ọta bà. Ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, ọ̀kan náà ni.

Ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn tẹ́ ẹ mọ iná ọ̀ẹ̀rùn, ẹ gbọ́ ti Kánádà. Obìnrin kan ń bẹ níbẹ̀, Tawney Meiorin, tó ń pa iná igbó fún ìjọba, iṣẹ́ rẹ̀ sì dára. Wọ́n wá gbé òfin dé pé kí olúkúlùkù sá kìlómítà 2.5 láàárín ìṣẹ́jú 11. Ìgbà mẹ́rin ló dán an wò, kò bọ́ sí i. Èyí tó sá dára jù, kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi pẹ́ jù. Wọ́n lé e. Ní 1999, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ní ìjọba kò fi hàn pé ẹni tí kò bá lè sáré tó bẹ́ẹ̀ kò lè pa iná. Wọ́n ní kí wọ́n dá a padà sẹ́nu iṣẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ wa sódì o. A ò ní kí wọ́n sọ ìdánwò di ọ̀fẹ́. Ẹni tí kò bá lè wọ́ ẹnìkejì rẹ̀ kúrò lójú ọta, ikú ọmọ ọlọ́mọ ló máa fà. Ìyá tó bá sì ń wá ẹni tí yóò fowó bẹ̀ kí ọmọ tí kò lágbára lè wọlé, ọmọ ara rẹ̀ ló ń tì sẹ́nu ìbọn.

Èyí tó ń dùn wá jù nìyí. Ní July 2008, nígbà tí iléeṣẹ́ Ìmígíréṣọ̀n àti ti ọgbà ẹ̀wọ̀n ń gba òṣìṣẹ́ káàkiri ilẹ̀ yìí, ó lé ní ènìyàn 10 tó kú. Èrò tẹ àwọn kan pa, àwọn mìíràn ṣubú lẹ́nu eré sísá. Iṣẹ́ ni wọ́n ń wá! Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Kí dókítà kọ́kọ́ yẹ ọmọ wò kó tó sáré. Kí omi àti ọkọ̀ aláìsàn wà nítòsí. Kí wọ́n má kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún jọ sójú kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin òbí náà, ẹ má dúró de ọjọ́ ìdánwò. Kí ọmọ ti máa sáré díẹ̀díẹ̀ láti oṣù mẹ́ta ṣáájú, kó máa ru ẹrù lọ sóko. Ẹ mú un lọ sọ́sibítù kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ àti ọkàn rẹ̀. Bí dókítà bá ní kò yẹ, ẹ gbà fún un. Iṣẹ́ ọwọ́ kò parí láyé.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti ṣe ìdánwò yìí rí, ẹ kọ lẹ́tà sí wa, ẹ sọ bó ṣe rí. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.