Ẹni Tó Bá Ta Ará Ilé Rẹ̀ Lọ́pọ̀

Bí Arsenal bá gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n nírọ̀lẹ́ Sátidé, ariwo á sọ láti Ìyànà-Ìbà títí dé Òkòkòmáíkò. Oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá á tẹ fèrè, ọmọ LASU á fò sórí bẹ́ǹṣì nínú ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, ọmọ ọjà Àlàbá á máa fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe Chelsea ṣe yẹ̀yẹ́ títí di ọjọ́ Ajé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn mọ́kànlá tó wà lórí pápá lọ́hùn-ún, ta ni ariwo yẹn dé etí rẹ̀?

Kò dé etí ẹnì kankan. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an nìyẹn. Ẹgbẹ́ ilé ẹni kì í ṣe ẹgbẹ́ tó dára jù láyé. Ẹgbẹ́ ilé ẹni ni ẹgbẹ́ tó lè gbọ́ ohùn ẹni. Àwa ọ̀dọ́ apá Ọ̀jọ́ ti kó gbogbo ohùn wa lọ síbi tí wọn ò ti lè gbọ́ ọ, a wá jókòó sílé, à ń sọ pé bọ́ọ̀lù Nàìjíríà ò dùn.

Tí èèyàn bá sọ báyìí, kíá ni wọ́n á fi àwọn ẹbí wa tó wà ní London dáni lóhùn. “Ṣebí àwọn ọmọ Yorùbá náà ń ṣe Arsenal? Ṣebí tiwa ni Saka?” Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ealing, ní London, ni wọ́n bí Bùkáyọ̀ Saka sí, kékeré ló sì ti wọ ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù Arsenal. Ẹgbẹ́ ìlú tí wọ́n bí i sí ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún. Adémọ́lá Lookman ńkọ́? Wandsworth, ní London kan náà, ni wọ́n bí i sí, Charlton ló sì ti di ọ̀jẹ̀. Charlton kì í ṣe Chelsea o. Ọdún 2007 ni wọ́n ti já kúrò nínú Premier League, ìpele ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí Lookman wà lọ́dọ̀ wọn. Síbẹ̀ àwọn aládùúgbò ń sanwó wọlé, wọ́n ń jókòó nínú òtútù, wọ́n ń pariwo. Ọmọ tí wọ́n ń pariwo lé lórí yẹn ló gbá góòlù mẹ́ta wọlé fún Atalanta nínú àṣekágbá Europa League lọ́dún 2024. Ọdún yẹn kan náà ni CAF sọ pé òun ló peregedé jù ní gbogbo Áfíríkà.

Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Woolwich tó sì ń ṣe Charlton, ẹgbẹ́ ilé rẹ̀ ló ń ṣe. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Òkòkòmáíkò tó ń ṣe Arsenal, ẹgbẹ́ ilé ẹlòmíì ló ń ṣe. A wo aṣọ tí àwọn ẹbí wa wọ̀, a ra irú ẹ̀. A ò wo ohun tí wọ́n ń ṣe nínú aṣọ náà.

Arsenal tí à ń pariwo yìí pàápàá, báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀? Lọ́dún 1886, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ohun ìjà ní Woolwich ni wọ́n kó ara wọn jọ. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ló bẹ̀rẹ̀ Manchester United ní Newton Heath lọ́dún 1878. Lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kò sí ife-ẹ̀yẹ kankan nílé, kò sí àwọ̀ pupa tí gbogbo ayé mọ̀. Àwọn ará àdúgbò ló dúró létí pápá tí wọ́n ń wò wọ́n. Ìfẹ́ ló ṣáájú, ife ló tẹ̀ lé e. Àwa fẹ́ kí ife ṣáájú ká tó fẹ́ràn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé òyìnbó nìkan ló mọ irú ẹ̀ ṣe. Ní Èkó níbí, oníṣòwò kan tó ń ta ìwé àti ohun èlò ọ́fíìsì, Israel Adebajo, ló dá Stationery Stores sílẹ̀. Wọ́n gba Challenge Cup lọ́dún 1967, 1968 àti 1982. Lọ́dún 1981 wọ́n dé àṣekágbá ife àwọn olúborí ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn bàbá yín ta ni Haruna Ilerika, kí ẹ wo bí ojú wọn á ṣe tàn. Ní Ìbàdàn, IICC Shooting Stars gba ife àwọn olúborí ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 1976, pẹ̀lú Múdà Lawal àti Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí. Ṣọ́ọ̀bù ìwé ló bí ẹgbẹ́ tó mú gbogbo Èkó jáde nílé!

Kí wá ló kù tí Ọ̀jọ́ ò ní? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò Volkswagen pọ̀ lọ́nà Àgbádárìgì lọ́dún 1975. LASU ti wà níbẹ̀ láti 1983. Bárékè àwọn ṣọ́jà wà níbẹ̀. Ọjà Àlàbá wà níbẹ̀, tí wọ́n ti ń wá ra ọjà láti orílẹ̀-èdè míì. Ilé iṣẹ́, yunifásítì, bárékè, ọjà: irú ibi tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ti ń jáde káàkiri ayé nìyẹn. Síbẹ̀ kò sí ẹgbẹ́ kankan nínú líìgì àgbà Nàìjíríà tó ń jẹ́ orúkọ Ọ̀jọ́, tàbí Ìbà, tàbí Òkòkòmáíkò.

Ẹnì kan á ní àdúgbò lásán ni wá, a ò tó ìlú tó ń ní ẹgbẹ́. A ò tó kẹ̀? Ìlú kékeré kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Green Bay. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò ju nǹkan bí 100,000 lọ. Ẹgbẹ́ wọn, Packers, tó ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́mú ti àwọn Amẹ́ríkà, ti gba Super Bowl lẹ́ẹ̀mẹrin. Kì í sì í ṣe bílíọ́nà kan ló ni ín. Láti 1923 ni àwọn èèyàn lásán ti ra ìpín nínú rẹ̀, àwọn ló ni ẹgbẹ́ wọn. Nínú ìkànìyàn 2006, èèyàn tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ nìkan lé ní 500,000. Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín.

Èyí tó tún pa mí lẹ́rìn-ín ni ti Àlàbá. Ọjà wa yìí ló ń ta tẹlifíṣọ̀n àti àwo sátẹ́láìtì tí ìdajì Nàìjíríà fi ń wo bọ́ọ̀lù òkèèrè. A ra àwo, a san owó ìkànnì, a san owó ìwọlé sílé ìwòran, a ra jẹ́sì, a tún ta tẹ́tẹ́ lé e. Gbogbo owó yẹn, mélòó nínú ẹ̀ ló fi bàtà sí ẹsẹ̀ ọmọ kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí iyanrìn ní Ìbà? Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀ kò ní rí i rà lọ́wọ̀ọ́n. Àwa ò tiẹ̀ tà á. Ńṣe la gbé e jù síta lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ní rẹ́fírì ń ṣojúsàájú, pápá ò dáa, wọn kì í san owó àwọn agbábọ́ọ̀lù lásìkò, àwọn alákòóso ń jẹ owó. Irọ́ kọ́, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ náà, bí ẹni ń ṣe ọ́fíìsì ìjọba ni wọ́n sì ń ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, ta ni àga òfìfo ń ṣe láǹfààní? Rẹ́fírì tó fẹ́ fọn fèrè irọ́ ò fẹ́ kí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ojú máa wo òun. Alákòóso tó fẹ́ jẹ owó ò fẹ́ kí ẹni tó sanwó wọlé béèrè bí wọ́n ṣe ná an. Bí a ṣe ń jókòó sílé, àwọn tó ń ba bọ́ọ̀lù jẹ́ là ń bá ti ilẹ̀kùn.

Ẹ tún ní tí ọmọ kan bá mọ̀ ọ́n gbá, wọ́n á tà á lọ sí òkèèrè. Bẹ́ẹ̀ ni. Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, gbá bọ́ọ̀lù fún FC Robo ní Èkó kó tó di ẹni tí Barcelona ń wá. Àwọn tó dúró létí pápá nígbà náà lè sọ pé “ojú wa ló ṣe.” Àwa tá a rí i lórí tẹlifíṣọ̀n ńkọ́?

Ìkòròdú tí mo dárúkọ yìí jìnnà sí ààrin Èkó bí tiwa, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ń yọ wọ́n lẹ́nu bí tiwa. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2024, Ikorodu City wọ líìgì àgbà, pẹ̀lú orúkọ ìlú wọn láyà. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, ìlú tí ò tó Ọ̀jọ́ rárá, gba líìgì náà ní sáà 2024/25. Ṣọlá Akínládé, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Paystack sílẹ̀, dá Sporting Lagos sílẹ̀ lọ́dún 2022. Wọ́n gòkè lọ́dún 2023, wọ́n já wálẹ̀ lọ́dún 2024. Kí ló burú níbẹ̀? Ẹ béèrè lọ́wọ́ ará Charlton bóyá ẹgbẹ́ tó bá já wálẹ̀ ti di ti ẹlòmíì.

Mi ò ní kí ẹ má wo Arsenal mọ́. Ẹ wò ó, ẹ gbádùn ẹ̀. Ohun tí mo ń béèrè ò ju ọjọ́ kan lóṣù lọ. Láti Ìyànà-Ìbà, ẹ wọ bọ́ọ̀sì dé Mile 2. Láti September 2023 ni ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń gbé èrò láti ibẹ̀ dé Marina, bí apá tó yẹ kó dé Òkòkòmáíkò tiẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Láti Marina, Oníkàn ò jìnnà mọ́. Tó bá ti mọ́ yín lára, ẹ padà wálé, kí ẹ bi àwọn ọlọ́jà Àlàbá àti àwọn ọ̀gá LASU pé ẹgbẹ́ tiwa dà.

Ẹ ṣáà gbìyànjú ẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ní Oníkàn, kí agbábọ́ọ̀lù kan gbá góòlù tó yẹ kó wọlé sójú ọ̀run, kí ẹ sì bú u dáadáa. Á yíjú wò yín. Ọjọ́ yẹn lẹ máa mọ̀ pé ẹ ní ẹgbẹ́.