Ta ló ń ka wébíìlì ìpè yín?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò lókè òkun ẹ máa rántí ẹ dáadáa. Fóònù á dún, nọ́ńbà Nàìjíríà ló máa hàn lójú ẹ̀, ẹ̀ẹ́ gbé e, ohùn ẹni tó wà ní London lẹ máa gbọ́. Àwọn ìyá wa míì tiẹ̀ ti ń dúpẹ́ pé ọmọ ti wálé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kò wálé o. Àwọn kan ló pààrọ̀ nọ́ńbà ẹ̀ lójú ọ̀nà.

Owó ló fà á. Lọ́dún 2016, ìpè tó bá ti òkèèrè wọ Nàìjíríà, náírà 24 àti kọ́bọ̀ 40 ni wọ́n ń san lórí ìṣẹ́jú kan, nígbà tí tabẹ́lé jẹ́ náírà 3 àti kọ́bọ̀ 90. Ẹni tó bá sọ ìpè London di ìpè Ìkòròdú ti jẹ náírà 20 àti kọ́bọ̀ 50 lórí ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Ẹ fi ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú ṣírò ẹ̀ wò. Nígbà tó di ọdún 2018, àjọ NCC, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń mójú tó iṣẹ́ tẹlifóònù, ti nọ́ńbà tó lé ní 750,000 pa, èyí tí wọ́n pín fún ilé-iṣẹ́ 13, nítorí ìfura pé iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń fi í ṣe.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mú irú wọn? Wọ́n máa ń fi ìpè dán ọ̀nà wò. Èkejì sì ni pé wọ́n ń ka wébíìlì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ẹrù ránṣẹ́ láti Sábó n'Ìkòròdú, tí mọ́tò ń gba Ìtóìkín gbé e lọ s'Ẹ́pẹ̀ẹ́, ẹ mọ wébíìlì. Ẹni tó fi ránṣẹ́, ẹni tó máa gbà á, ọjọ́ tó kúrò. Ẹrù lọ́tọ̀, wébíìlì lọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìpè tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì rí. Ohùn ni ẹrù. Àmì ìpè ni wébíìlì. Òun ló ń sọ nọ́ńbà tó pè, èyí tí wọ́n pè, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó parí, tí kò bá sì wọlé, ìdí tí kò fi wọlé.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kan yín nìyí. Òtẹ́ẹ̀lì, iléèwé, ilé ìwòsàn àti ilé ìfowópamọ́ kéékèèké tó ń lo tẹlifóònù orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀rọ kan lẹ́nu ibodè tí ìpè wọn ń gbà kọjá. Session border controller lorúkọ ẹ̀, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè é ní SBC. Tó bá jẹ́ pé ẹ háyà iṣẹ́ náà ni, ọ̀dọ̀ ẹni tó háyà ẹ̀ fún yín ló wà. Ìpè WhatsApp kò sí nínú èyí, torí kò sí ẹ̀rọ àárín tó ń tú u.

Lójú ọ̀nà, tí wọ́n bá ti di àmì ìpè pa, olè kò lè kà á. Ṣùgbọ́n bó bá dé ọ̀dọ̀ SBC, ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ tú u kó tó mọ ibi tó ń lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lè ní kó máa ṣe ẹ̀dà ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ míì tó ń ṣọ́ ìpè. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ tiẹ̀ síta ibodè, òǹtẹ̀ nìkan ló máa rí.

Èmi fara mọ́ ọn pé kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Àwọn gbájúẹ̀ kan wà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n méfò páásíwọ́ọ̀dù tẹlifóònù ilé-iṣẹ́ lọ. Tí wọ́n bá ti wọlé, wọ́n á fi pe nọ́ńbà olówó gọbọi nílẹ̀ òkèèrè láti alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ títí di àárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ̀yin lẹ máa san owó ẹ̀. Ẹ̀dà àmì ìpè yẹn ló máa kọ́kọ́ fi hàn pé ẹnì kan ń gbìyànjú. Ká tún sọ pé oníbàárà pe ibi tẹ́ ẹ ń kó ẹja dídì sí l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, tí kò gbọ́ nǹkan kan. Láìsí ẹ̀dà yìí, ẹni tó ń bá yín ṣe ẹ̀rọ á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á ní òun kọ́, oníbàárà á sì ti ra ẹja níbòmíì.

Àmọ́ ewu tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré, ó sì ń ṣe mí bíi pé àwọn tó ń tà á fún wa kì í sọ ọ́. Nínú ọ̀nà kan tó ti wà láti ọdún 2006, inú àmì ìpè gan-an ni wọ́n ń kọ kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ti ohùn pa sí. Ìyẹn ni pé kọ́kọ́rọ́ àpótí ẹrù wà lára wébíìlì. Ẹni tó bá rí ẹ̀dà náà, tó tún rí ohùn yẹn gbà, á gbọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá oníbàárà sọ. Lórí ẹ̀rọ míì, nọ́ńbà àṣírí tí oníbàárà tẹ̀ lórí fóònù náà ń gba inú àmì ìpè kọjá.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ìlà kọ́kọ́rọ́ yẹn kúrò nínú ẹ̀dà, tàbí kí wọ́n lo DTLS-SRTP tó jáde lọ́dún 2010, tí kì í kọ kọ́kọ́rọ́ síbẹ̀. Kí ẹ̀dà má sì gba ìta gbangba kọjá láìjẹ́ pé wọ́n tún un dì. Wọn ò ní láti ra nǹkan olówó ńlá. Homer tó ń kó irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ jọ, ọ̀fẹ́ ni.

Abala 37 nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 dáàbò bo ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù. Òfin ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì fi ìyà jẹ ẹni tó bá ń já ọ̀rọ̀ ẹlòmíì gbà láìgbàṣẹ, ti ọdún 2023 sì wà lórí bá a ṣe ń tọ́jú ohun tá a mọ̀ nípa oníbàárà. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kò lè sọ pé ọmọ tó wá tún ẹ̀rọ ṣe ló mọ̀ nípa ẹ̀.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá pe ẹni tó ń bá yín mójú tó tẹlifóònù lọ́sẹ̀ yìí, ẹ bi í pé ẹ̀rọ wo ni ẹ̀dà àmì ìpè yín ń lọ, ọjọ́ mélòó ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀, ta ló sì mọ páásíwọ́ọ̀dù ẹ̀. Tẹ́nì kan tó mọ̀ ọ́n bá ti fiṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ lójú yín.