Ẹ̀yin Olóyè, Ẹ Jẹ́ Kí A Tẹ́tí



Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí yóò dun àwọn kan. Èmi gan-an ni ó kọ́kọ́ dùn.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a pe ìpàdé kan nípa Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni a wọlé, èmi sì ni alága. Mo kí àwọn ènìyàn títí, mo pìtàn, mo túmọ̀ odù, mo bá àwọn tí ó wá wí nítorí àwọn tí kò wá. Nígbà tí mo gbẹ́nu dúró, olóyè mẹ́ta gbà á lẹ́nu mi. Màmá kan wà níbẹ̀, olórìṣà ni wọ́n, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n nawọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo ní, "Ẹ ní sùúrù, Màmá, a ó dé ọ̀dọ̀ yín." Nígbà tí aago kan lù, a fi àdúrà parí ìpàdé. A kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ohun tí wọ́n fẹ́ sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: pé àwọn awọnlẹ̀ kan ń fi ọ̀dà pupa sàmì sí ara igi ní ẹ̀bá igbó òrìṣà wa. Kí oṣù náà tó parí, katapílà ti wọ igbó náà. Ìrókò tí àwọn baba ńlá wa ń bọ di pákó. Nígbà tí mo sáré lọ bi màmá pé kí ló dé tí wọn kò tètè wí, wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, "Awo, mo nawọ́."

A ń pariwo lójoojúmọ́ pé àwọn ẹlòmíràn ń gba ilẹ̀ òrìṣà mọ́ wa lọ́wọ́. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí katapílà tó dé igbó tiwa, ẹnu èmi ti kọ́kọ́ gé e. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí ìjọba kéde gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1965, tí UNESCO sì kọ mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2005, bọ́ lọ́wọ́ àwọn agégi àti àwọn tí ń ta ilẹ̀ nítorí pé àwọn kan tètè gbọ́ ìró àáké, wọ́n sì dìde. Àwa gbọ́ ìró ẹnu ara wa nìkan.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ tí a ń pè mọ́ ara wa. Bí ẹnìkan bá wá dáfá, abẹ́lẹ̀ ni ó ti ń sọ ohun tí ó bá a wá fún owó tàbí ìbò. Babaláwo kì í fi dandan gbọ́ ọ. Awo yóò da ọ̀pẹ̀lẹ̀, odù kan nínú 256 yóò yọ, yóò sì máa ki ẹsẹ̀ rẹ̀. Ta ni ó mọ ẹsẹ̀ tí ó bá ọ̀rọ̀ náà mu? Ẹni tí ó wá dáfá ni. Òun ni yóò ní, "Ọ̀rọ̀ mi nìyẹn." Awo tí ó bá ń kifá lọ láìdúró gbọ́ ìyẹn, ara rẹ̀ ni ó ń dá lára yá. Nítorí náà, awo tí kò lè dákẹ́ ní ìpàdé ti gbàgbé ẹ̀kọ́ orí ẹní sórí ẹní.

Èdè wa pàápàá ń jẹ́rìí. A ń gbọ́ ìró, a ń gbọ́ òórùn, a ń gbọ́ èdè, a ń gbọ́ ẹjọ́. Ọmọ rere ń gbọ́ràn, Olódùmarè ń gbọ́ àdúrà. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Lójú àwọn tí ó fi èdè yìí lé wa lọ́wọ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ wọ̀ létí, tí kò yé e, tí kò sì ṣe nǹkan kan sí i, kò tíì gbọ́. A sì ń tẹ́ etí gẹ́gẹ́ bí a ti ń tẹ́ ẹní, kí ẹlòmíràn lè rí ibi jókòó. Etí ọ̀pọ̀ olórí wa wà ní kíká bí ẹní ilé tí kò retí àlejò.

Àwọn kan yóò ní àṣà wa ni kí ọmọdé pa ẹnu mọ́ níwájú àgbà. Pé ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n àgbà náà pẹ́ ní gbígbọ́ kí ó tó rí ohun tí ó rí. Àwọn àgbà kan náà ni wọ́n sì sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Láyé àtijọ́, Aláàfin kò dá Ọ̀yọ́ ṣe. Ọ̀yọ́ Mèsì méje wà, Baṣọ̀run ni olórí wọn, ọba tí ó bá sì kọ etí ikún sí wọn nígbà náà, wọ́n lágbára láti kọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ àsọìdákẹ́ tí a ń pè ní àṣà yìí, orí pèpéle àwọn olóṣèlú ni a ti kọ́ ọ.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí olórí gbé ìbéèrè kalẹ̀, kí ó má sì dáhùn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ẹni tí ó kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí àgbà bá ti sọ tirẹ̀ tán, kí ni ó kù fún ọmọdé ju "bẹ́ẹ̀ ni" lọ? Kí olórí tó fèsì, kí ó tún ọ̀rọ̀ sọ fún ẹni tí ó ni ín: "Ohun tí mo gbọ́ nìyí, ṣé bẹ́ẹ̀ ni ẹ wí?" Kí akọ̀wé kọ orúkọ ẹni tí ó nawọ́ tí a kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ìpàdé tí ń bọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni náà. Kí ọ̀rọ̀ olórí gbẹ̀yìn, kí ó sì kúrú.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbìyànjú rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa. Kò rọrùn, ẹnu a máa yún mi. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti ń fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ ní ìdajì ìpàdé ti ń jókòó títí di òpin, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yóò kàn wọ́n.

Ìrókò náà kò ní padà. Màmá ṣì ń wá. Bí mo bá ti jókòó, kí n tó la ẹnu rárá, ọwọ́ wọn ni mo kọ́kọ́ ń wò.

Kí Ìṣẹ̀ṣe gbè wá. Àṣẹ.