Ṣé Ẹ Fẹ́ Bẹ̀rẹ̀ Qigong? Ẹ Má Sọ Oògùn Yín Nù O

Láti ìgbà tí fóònù alágbèéká ti di ohun tí tàgbà tèwe ń mú lọ́wọ́, ó dájú pé ọ̀pọ̀ yín ti rí àwọn àgbàlagbà ilẹ̀ Ṣáínà nínú fídíò, tí wọ́n dúró sínú ọgbà ìgbafẹ́ láàárọ̀ kùtù, tí wọ́n ń gbé ọwọ́ sókè jẹ́ẹ́jẹ́, tí wọ́n tún ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ẹni pé inú omi ni wọ́n wà. Nínú ọgbà Tiantan ní ìlú Beijing, ojoojúmọ́ ni àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ máa ń pé jọ ṣe irú rẹ̀. Qigong ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá pè é ní "ṣì-gọ́ọ̀ngì", ẹ ti sún mọ́ ọn. "Qi" ni èémí, tàbí agbára tí wọ́n gbà pé ó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ara. "Gong" ni iṣẹ́ tí èèyàn fi sùúrù ṣe títí tó fi mọ́ ọn lára.

Ó rọrùn láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí oṣù tó parí ni ọ̀pọ̀ máa ń pa á tì. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ṣe é fún ọ̀sẹ̀ méjì tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n kọ́kọ́ máa sọ nù. Torí àwọn wọ̀nyẹn gan-an ni mo ṣe gbé bírò lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tó ti wá. Kì í ṣe nǹkan àná rárá. Láàárín ọdún 1973 sí 1974, àwọn awalẹ̀pìtàn rí aṣọ sẹ́dà kan nínú ibojì kan ní Mawangdui, ní ìlú Changsha, ní ìpínlẹ̀ Hunan. Wọ́n ya àwòrán èèyàn 44 sára aṣọ náà, ọkùnrin àti obìnrin, tí kálukú wọn ń na ara lóríṣiríṣi. Ọdún 168 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n sìnkú sínú ibojì yẹn. Àmọ́ o, kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí orúkọ náà, qigong, di ọ̀rọ̀ ìṣègùn. Àwọn ọdún 1950 ló tàn káàkiri, lẹ́yìn tí Liu Guizhen, ará ìpínlẹ̀ Hebei, bẹ̀rẹ̀ sí í fi tọ́jú àwọn aláìsàn.

"Ṣé kì í ṣe ẹ̀sìn ni?" Ìbéèrè yìí tọ́, mi ò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òótọ́ ni pé àwọn ẹlẹ́sìn Dao àti ti Búdà wà lára àwọn tó tọ́jú ìmọ̀ yìí láti ayébáyé, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn oníṣègùn àti àwọn tó ń kọ́ ìjà. Ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀, àwọn kan sì ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn nínú. Èyí tí mo fẹ́ dárúkọ fún yín lónìí kò ní àdúrà, kò ní orin, kò ní ère tí ẹ máa dojú kọ. Ọwọ́, ẹsẹ̀ àti èémí nìkan ni. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá ṣì gbà á, kó máa rìn yíká àdúgbò láàárọ̀, ìyẹn náà dára.

Ohun tó máa ń da olùbẹ̀rẹ̀ láàmú jù ni èwo ni kó mú. Ó wo fídíò kan lónìí, ó wo òmíràn lọ́la, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta kò mọ èyí tó ń ṣe mọ́. Ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ gbàgbé èyí tó kù ná. Ní tèmi, Ba Duan Jin ni mo fara mọ́ fún àgbà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ege mẹ́jọ aṣọ bùrókéèdì". Ẹ̀yin ìyá wa kúkú mọ bùrókéèdì, kò sí pé mò ń ṣàlàyé. Ìṣípòpadà mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Ó ti lé ní 800 ọdún tí orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé àwọn ará Ṣáínà, láyé ìjọba Song. Ó sì wà lára mẹ́rin tí àjọ tó ń rí sí eré ìdárayá nílẹ̀ Ṣáínà ṣe ìlànà fún, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2003, kí gbogbo èèyàn lè máa ṣe é bákan náà. Odindi rẹ̀ kò gbà ju bí ìṣẹ́jú 12 sí 15 lọ. Kò sí pé à ń fò, kò sí pé à ń dùbúlẹ̀, èyí sì ṣe pàtàkì fún àgbà tí dídìde nílẹ̀ ti di iṣẹ́ fún.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ́jọ́ kìíní. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ti tó fún oṣù kan gbáko, bó sì ṣe rí rèé.

Ẹ dúró, kí àlàfo àárín ẹsẹ̀ méjèèjì tó ìbú èjìká yín, kí orúnkún rọ̀ díẹ̀, kí ó má ṣe le gbagidi, kí èjìká sì wálẹ̀. Ẹ fi ìka ọwọ́ kan bọ àárín ìka ọwọ́ kejì níwájú ikùn, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì gba iwájú àyà, ẹ wá yí àtẹ́lẹwọ́ sókè, kí ẹ tì í bí ẹni tó ń ti àjà ilé. Ẹ sinmi díẹ̀ lókè níbẹ̀, kí ẹ tó jẹ́ kí ọwọ́ tú ká, kó sì wálẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ìkejì ni ti ọdẹ. Ẹ la ẹsẹ̀ sí i díẹ̀, ẹ tẹ orúnkún níwọ̀nba tí kò dùn yín, ẹ na ọwọ́ òsì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó di ọrun mú, kí ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún fa ọsán rẹ̀ wá sí èjìká, kí ojú yín sì wo ọ̀nà ibi tí ọfà ń lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ yí i sí ọwọ́ kejì. Àwọn ọmọ-ọmọ yín máa fẹ́ràn èyí, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín ṣe é.

Ní ìkẹta, ọwọ́ kan ń ti òkè, èkejì ń ti ilẹ̀, ẹ ó sì máa pààrọ̀ wọn. Ní ìkẹrin, ọwọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ rọra yí ọrùn lọ sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n pè látẹ̀yìn, ẹ padà sí iwájú, ẹ yí i sí apá kejì. Ẹ má ṣe já ọrùn o. Ibi tó bá dé láìsí ìrora ni kó dúró. Ẹ ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹfà, èyí tó bá sì ní ọ̀tún àti òsì, ẹ̀ẹ̀mẹta mẹ́ta ni.

Nínú mẹ́rin tó kù ni ewu wà fún àgbà, mo sì fẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí. Ìkarùn-ún ń fẹ́ kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an kó sì máa fi orí àti ìdí yípo. Ẹni tí orúnkún ń dùn kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ìkẹfà ń fẹ́ kí èèyàn tẹ̀ wálẹ̀ títí ọwọ́ á fi dé ẹsẹ̀. Orí tó dorí kodò báyìí lè mú kí òòyì kọ́ ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru nígbà tó bá ń dìde, kò sì dára fún ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé ó ní àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma. Kó fi ọwọ́ dé orúnkún, kó dúró síbẹ̀. Ìkeje ni dídi ẹ̀ṣẹ́ àti ríranjú. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ fún ẹ̀ṣẹ́ náà pinpin. Ìkẹjọ sì ni gígun ìka ẹsẹ̀ kí gìgísẹ̀ tó já wálẹ̀ gbì. Àgbà tí eegun rẹ̀ kò lágbára mọ́ gbọ́dọ̀ di àga mú, kó sì rọra gbé gìgísẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí kò tilẹ̀ lè dúró pẹ́ rárá, kó jókòó sórí àga tí kò ní táyà, kó ṣe ti ọwọ́ nìkan.

Ní ti èémí, ìyọnu ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ máa kà á. Ẹ pa ẹnu dé, ẹ fi imú mí bí ẹ ṣe ń mí tẹ́lẹ̀. Bó bá yá, ẹ ó rí i pé ẹ ń mí sínú nígbà tí ọwọ́ bá ń lọ sókè, ẹ sì ń mí síta nígbà tó bá ń bọ̀. Ohun tí kò dára ni kí èèyàn sé èémí mọ́nú kó wá fún ara le, nítorí ìyẹn máa ń ti ẹ̀jẹ̀ ríru lọ sókè lójijì. Ẹ má sì bá àwọn tó ń ṣe èémí gígùn fún wákàtí kan tàbí méjì lọ. Àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn ní orúkọ fún ìpalára tó ń ti ibẹ̀ wá. Ní 1994, ìwé tí àwọn dókítà àrùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi ń ṣàyẹ̀wò sì dárúkọ ìdàrú ọkàn tó lè bá àwọn tó ṣe qigong ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìgbà wo ló dára jù? Ìgbà tó máa bọ́ sí i fún yín lójoojúmọ́ ni. Ẹ so ó mọ́ ohun tí ẹ kì í fò: lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, tàbí nígbà tí omi ẹ̀kọ wà lórí iná. Ìyá ọlọ́mọ tó ń múra àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwé kò ní ráyè láàárọ̀, kó ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ kó tó wẹ̀. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ẹ jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó dìde, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ má ṣe é lẹ́yìn iyán, ẹ jẹ́ kí wákàtí kan kọjá ná. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tó ń gba abẹ́rẹ́ tàbí tó ń lo oògùn, kó má ṣe é pẹ̀lú inú òfìfo, kó sì fi nǹkan dídùn sí tòsí. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni o, kì í ṣe orí táìlì tó tutù, kì í sì í ṣe pẹ̀lú sálúbàtà. Ẹ sá fún ibi tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ń gbà. Kí ògiri tàbí àga wà lọ́wọ́.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì máa rò pé kí ni ìṣẹ́jú márùn-ún fẹ́ ṣe. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ogójì ìṣẹ́jú ni orúnkún rẹ̀ máa ń wú lọ́jọ́ kẹrin, tó sì máa ń jókòó sílé títí ọdún á fi parí. Bí ẹ bá gbàgbé lọ́jọ́ kan, ẹ má ṣe san án padà lọ́jọ́ kejì. Iye tí ẹ ń ṣe tẹ́lẹ̀ náà ni.

Àtẹ́lẹwọ́ lè gbóná, èèyàn lè yán, itan lè gbọ̀n díẹ̀. Kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé agbára àrà ọ̀tọ̀ kan ti wọlé. Bí ẹ kò bá mọ nǹkan kan lára, ìyẹn náà dára. Ṣùgbọ́n bí àyà bá ń dùn yín, bí èémí bá há, bí òòyì bá kọ́ yín, ẹ dáwọ́ dúró. Bí ẹnu bá wọ́, tàbí apá kan ṣàdédé rọ, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ká sinmi díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oògùn ló wá kù. Àwọn ìwádìí kan fi hàn pé qigong lè ran oorun lọ́wọ́, ó lè jẹ́ kí àgbà dúró dáadáa lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì lè mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí. Ọ̀pọ̀ àwọn ìwádìí náà ló kéré. Kò sí èyí tó ní kí ẹnikẹ́ni sọ oògùn rẹ̀ nù. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun èèyàn, nítorí náà ara tó fúyẹ́ kò sọ fún yín pé ó ti wálẹ̀. Ẹ̀rọ ìwọnpá nìkan ló lè sọ ọ́. Ẹni tó dáwọ́ oògùn dúró torí pé ara tù ú ń fi rọpárọsẹ̀ ṣeré. Bí nọ́ńbà náà bá ti wálẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, dókítà ló máa dín oògùn kù, kì í ṣe ẹ̀yin, kì í ṣe èmi.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní òun lè ta qi fún yín láti ọ̀nà jíjìn. Láàárín àwọn ọdún 1980 sí 1990, irú wọn pọ̀ nílẹ̀ Ṣáínà, tí èrò ń rọ́ lọ síbi ìpàdé wọn, títí ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọn lọ́wọ́ kò. Bí ẹ kò bá rí olùkọ́ nítòsí, fídíò Ba Duan Jin ẹyọ kan tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ ti tó. Ẹ ní kí ọmọ yín kan dúró ní ẹ̀gbẹ́ kó máa wo orúnkún yín: kó má ṣe yọ kọjá ìka ẹsẹ̀, kó má sì tẹ̀ sínú.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́la, ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín ní ilé ìwòsàn tàbí ilé oògùn tó wà nítòsí, kí ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ mú ìwé náà lọ fún dókítà yín. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.