Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Sípíkà Ọkọ̀ Tí Ohùn Rẹ̀ Há

Ní àdúgbò wa, kò ṣòro láti mọ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ sípíkà ọkọ̀ rẹ̀. Kí ọkọ̀ náà tó yọ ní ìkóríta ni a ó ti máa gbọ́ ọ. Àmọ́ ohun tí à ń gbọ́ kì í ṣe orin mọ́: ohùn akọrin ti há, ìlù sì ń dún bí ìgbà tí ènìyàn ń fi igi na páànù. Bí ọlọ́kọ̀ bá sọ̀kalẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé, “Ayédèrú ni wọ́n tà fún mi!”

Èmi náà ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo ra sípíkà méjì tí wọ́n kọ 300 wáàtì gàdàgbà sí ara páálí rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo fi padà lọ bá ẹni tí ó tà á fún mi. A fa ọ̀rọ̀ náà títí, mo sì tún ra méjì mìíràn tí ó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ariwo kan náà ni. Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tí ó jẹ́ rìwáyà ni mo tó rí ẹni tí kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan sípíkà. Ìbéèrè ni ó bi mí: “Ọ̀gá mi, kí ni ó ń fún sípíkà yìí lágbára?” Mo ní, “Rédíò tí ó bá ọkọ̀ wá ni, Bàbá.” Ó rẹ́rìn-ín, ó dín bẹ́ẹ̀sì kù, ó yí ohùn wálẹ̀ díẹ̀, orin sì mọ́ gaara.

Ọ̀rọ̀ náà kò le. Sípíkà kì í dá ohùn dá. Iṣẹ́ tí rédíò bá rán an ni ó ń jẹ́. Áńpìlífáyà kékeré kan wà nínú rédíò tí ń fún ohùn lágbára kí ó tó dé ọ̀dọ̀ sípíkà. Bí a bá yí ohùn sókè kọjá ibi tí agbára rẹ̀ mọ, kò ní lè gbé ìgbì ohùn náà dé òkè. Ńṣe ni yóò gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ. Akọrin tí ó bá gbé orin tí ó ga ju ohùn rẹ̀ lọ, ohùn rẹ̀ yóò há. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti rédíò.

Níbi tí wàhálà wà ni òǹkà ara páálí. Bátìrì ọkọ̀ sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 12 fólìtì. Bí ẹnjíìnì bá ń ṣiṣẹ́, ó lè lé díẹ̀ ní 14. Nítorí náà, rédíò tí wọ́n kọ 50 wáàtì lọ́nà mẹ́rin sí lára sábà máa ń fún sípíkà kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí 15 sí 22 wáàtì péré kí ohùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Èyí tí wọ́n kọ gàdàgbà jẹ́ òkè téńté tí ó lè kàn fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tí ó lè gbé fún ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ń pè ní RMS, lẹ́tà wínníwínní ni wọ́n sì sábà fi ń kọ ọ́. Ẹ sì rántí bẹ́ẹ̀sì: bí a bá fi desibẹ́ẹ̀lì 3 péré kún un, agbára tí rédíò gbọ́dọ̀ mú wá fún un di ìlọ́po méjì; bí ó bá jẹ́ 10, ó di ìlọ́po mẹ́wàá.

Kí ẹ tó tún ná kọ́bọ̀, ẹ ṣe ohun tí bàbá yẹn ṣe. Bí orin bá mọ́ nígbà tí ẹ dín ohùn àti bẹ́ẹ̀sì kù, agbára ni kò tó. Bí ó bá ṣì há, ẹ gbé orin mìíràn sí i, nítorí orin lè ti bàjẹ́ lórí fóònù kí ó tó wọ inú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ darí ohùn sí sípíkà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá ń há, ẹ fi wáyà rẹ̀ sí ara sípíkà mìíràn. Bí ariwo bá tẹ̀lé sípíkà, òun ni ó bàjẹ́. Bí ó bá dúró ti wáyà, ẹ wò ó bóyá ó ti bó, tí ó ń kan irin ọkọ̀. Bí bẹ́ẹ̀sì bá pòórá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti so wáyà sípíkà kan ní òdì. Bákan náà, rédíò tí wọ́n ṣe fún sípíkà 4 ohm kò yẹ kí a so 2 ohm mọ́, nítorí yóò gbóná ju bí ó ti yẹ lọ. Bí agbára bá jẹ́ ìṣòro lóòótọ́, áńpìlífáyà tí ó dá dúró ni kí ẹ rà, kí wáyà rẹ̀ nípọn, kí fíúsì sì wà nítòsí bátìrì.

Èmi kò sọ pé kò sí ayédèrú lọ́jà o. Ó wà, ó sì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹjọ́ gbogbo bá di ti ayédèrú, kò sẹ́ni tí yóò wá ìdí ọ̀ràn mọ́. Òǹtajà yóò ta òmíràn, rìwáyà yóò gba owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, awakọ̀ tí ó fi owó ọjọ́ mélòó kan ra sípíkà yóò sì máa fi ariwo pawọ́ dà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò ju mẹ́ta lọ. Kí òǹtajà máa sọ iye RMS fún oníbàárà kí ó tó gbowó. Kí rìwáyà yẹ ọkọ̀ wò kí ó tó sọ pé ká lọ ra nǹkan. Kí àwa tí à ń rà sì máa béèrè ìbéèrè bàbá yẹn: kí ni yóò fún un lágbára? Sípíkà mẹ́rin ni mo rà kí n tó gbọ́ ọ, ọ̀fẹ́ sì ni bàbá náà bi mí.